Ilé ìdákẹ́jẹ́ nítòsí Erédò Sùngbọ́: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin àgbà àti ojúgbà mi nídìí iṣẹ́ yíya àwòrán ilé, mo kí yín. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹbí kan ní Òkè-Ẹ̀rì fẹ́ kí n ya ilé kékeré kan tí yóò jẹ́ iṣẹ́ ọnà fúnra rẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni lè jókòó jẹ́ẹ́ kí ó sì ronú, lórí ilẹ̀ wọn tí kò jìnnà sí Erédò, odi àti yàrà àtijọ́ tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká.

Odi àti yàrà náà gùn tó 160 kìlómítà, ó sì ga tó 20 mítà níbòmíràn láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi. Láti 1995 ni Nàìjíríà sì ti fi orúkọ rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ àwọn ibi tó ń dábàá fún UNESCO gẹ́gẹ́ bí ogún àgbáyé. Ilẹ̀ yangí ni wọ́n gbẹ́, ewéko àti gbòǹgbò igi ló sì ń dáàbò bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀rù ìpìlẹ̀ jíjìn, tí mo sì ń bẹ̀rù omi òrùlé jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilé alámọ̀ tí kò ga tó igi ni mo ní lọ́kàn, láìní fèrèsé, àfi ihò kan lókè tí ìmọ́lẹ̀ yóò gbà wọlé. Àwọn kan ń tọ́ka sí iṣẹ́ Susanne Wenger, ayàwòrán àti agbẹ́gilére ọmọ Austria, nínú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, ṣùgbọ́n òrìṣà ni iṣẹ́ tibẹ̀ ń bọlá fún. Tèmi gbọ́dọ̀ gba mùsùlùmí, onígbàgbọ́ àti oníṣẹ̀ṣe tí ń wá sí Òkè-Ẹ̀rì, síbi tí wọ́n gbà pé ó jẹ́ ibojì Bilikisu Sùngbọ́, obìnrin tí ìtàn sọ pé ó ní kí wọ́n gbẹ́ Erédò.

Báwo ni kí n ṣe jìnnà sí etí yàrà tó? Ṣé kí n kọ́kọ́ tọ àjọ tó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lọ ni, àbí àwọn àgbà ìlú?