Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń fẹ èjìká páálí tí a fi ń gé aṣọ láti sáìsì kan sí èkejì?

Ẹ̀yin ọ̀gá télọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ máa rán gáùn àǹkárá tà, láti sáìsì 10 dé 16. Páálí sáìsì 10 mi jókòó dáadáa lára. Àyà àti ìbàdí ò le: tí sáìsì kan bá fi ínṣì 2 ju èkejì lọ, ìdajì ínṣì ló máa kan ìdá mẹ́rin ara kọ̀ọ̀kan. Èjìká ló ń dà mí láàmú gan-an. Tí mo bá fi ìdajì ínṣì kún òun náà, ṣe ló ń yọ̀ wá sí apá. Tí mo bá sì gbẹ́ ihò apá sí i, orí apá ò ní ká a mọ́. Báwo lẹ ṣe ń pín in? Ẹni tó bá lè ya fọ́tò páálí tirẹ̀ níbi tó ti tò wọ́n léra, mo bẹ̀ yín, ẹ fi hàn mí.