Oko ẹbí ní Ítálì tí èèyàn ti lè jẹ, kó mu, kó sì tọ́ nǹkan wò: ibo ni ká lọ?

Abẹ̀kẹ́Onírìnàjò:

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ilé o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Èmi àti Alhaji mi pẹ̀lú màmá mi fẹ́ lọ sí Ítálì lóṣù kẹwàá, a sì ti pinnu pé a ò ní fi gbogbo ọjọ́ tò sórí ìlà níwájú mùsíọ́mù, a fẹ́ lọ sí àwọn oko wọ̀nyẹn tí bàbá, ìyá àti ọmọ jọ ń ṣe, tí wọ́n á mú yín yíká, tí wọ́n á gbé wàràkàṣì, òróró ólífì, wáìnì àti oúnjẹ kalẹ̀ kẹ́ ẹ máa tọ́ ọ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Agriturismo ni wọ́n ń pè é. Wàhálà ibẹ̀ ni pé gbogbo fọ́tò tí mò ń rí ló jọra, tábìlì gígùn kan lábẹ́ igi àti obìnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín, mi ò mọ èyí tó jẹ́ oko gidi àti èyí tó jẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì tó gbin igi ólífì méjì síwájú ilé.

Nǹkan mìíràn ni pé Alhaji kì í mu ọtí, kì í sì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Èmi ní tèmi máa ń mu wáìnì díẹ̀ (ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn o). Orúnkún ń dun màmá. Tuscany ni gbogbo ayé ń pariwo, ṣé ibẹ̀ náà ni ká lọ? Ṣé ká háyà mọ́tò? Ṣé a lè ṣe oko mẹ́ta lọ́jọ́ kan? Ẹ ṣé o.

ÌyáModena:

Abẹ̀kẹ́, ẹ kú ètò ìrìnàjò. Ẹ̀gbẹ́ Modena níbí ni mò ń gbé, ẹ mọ̀ pé màá gbè sẹ́yìn ilé mi, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tẹnu mi ná. Ẹni tí kì í mu ọtí, Emilia, agbègbè tí Modena wà, ló yẹ kó wá. Ní Tuscany, wáìnì ni ọba, gbogbo nǹkan tó kù ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn ni, Alhaji á kàn jókòó máa jẹ búrẹ́dì tí ò níyọ̀ (lóòótọ́ ni, búrẹ́dì wọn ò níyọ̀). Ọ̀dọ̀ tiwa níbí, wàràkàṣì Parmigiano Reggiano àti fínígà balsamico ni àlejò ń wá wò, kò sí ọtí mímu nínú méjèèjì, kò sì sí ẹlẹ́dẹ̀.

Wàràkàṣì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ wò, ẹ sì gbọ́dọ̀ tètè jí. Iṣẹ́ wàrà kì í dúró de àlejò rárá. Wàrà alẹ́ àná, tí wọ́n ti ré ọ̀rá orí rẹ̀ kúrò, ni wọ́n ń dà pọ̀ mọ́ ti àárọ̀ nínú ìkòkò bàbà ràgàjì, ojoojúmọ́ ni, títí kan ọjọ́ Kérésì, tó bá fi máa di agogo mẹ́wàá wọ́n ti ń fọ ilẹ̀. Nǹkan bíi 550 lítà wàrà ló ń di òdìdì wàràkàṣì kan tó wúwo tó 40 kílò. Ẹ ó rí i bí ọkùnrin méjì ṣe máa fi aṣọ gbé wàrà tó ti dì jáde látinú omi gbígbóná, wọ́n á gé e sí méjì kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè di òdìdì kan, ìbejì ni wọ́n ń pè é, ìyẹn gan-an ni ohun tó yẹ kẹ́ ẹ torí ẹ̀ wá. Lẹ́yìn náà ó máa wà nínú omi iyọ̀ fún bí ogún ọjọ́, ó máa wá wà lórí pẹpẹ fún oṣù 12 ó kéré tán kí wọ́n tó fi òòlù kékeré gbá a lára láti gbọ́ bóyá inú rẹ̀ dáa. Tí wọ́n bá gbé ti oṣù 12, 24 àti 36 kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó kéré. Ti 12 rọ̀, ó ṣì ń ta sánsán wàrà, ti 36 máa ń rún, nǹkan wẹ́wẹ́ kan á sì máa dún lábẹ́ eyín yín bí iyọ̀, ṣùgbọ́n iyọ̀ kọ́ o, àmì pé ó ti gbó dáadáa ni.

Ẹ jẹ́ kí Alhaji mọ nǹkan kan ṣáájú kó tó fẹnu kàn án. Ohun tí wọ́n fi ń mú wàrà náà dì, inú ikùn ọmọ màlúù ni wọ́n ti ń mú un, òfin Parmigiano ò sì gba èyí tí wọ́n fi ewéko ṣe. Àwọn mùsùlùmí kan ń jẹ ẹ́, àwọn kan ò jẹ ẹ́, òun ló máa pinnu fúnra rẹ̀.

Fínígà ní tiẹ̀, àwọn ìdílé ló ń ṣe é lókè àjà ilé wọn. Wọ́n á se omi àjàrà títí tó fi máa ki, wọ́n á dà á sínú ọ̀wọ́ àgbá onígi tó tò láti ńlá dé kékeré, igi rẹ̀ sì lè jẹ́ oríṣiríṣi. Ooru abẹ́ òrùlé á máa fà á gbẹ díẹ̀díẹ̀, tí òtútù bá dé á sinmi. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń bù díẹ̀ nínú èyí tó kéré jù, wọ́n á fi ti àgbá tó tẹ̀ lé e dí i, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé èyí tó tóbi jù. Ọdún 12 ló kéré jù kí wọ́n tó lè pè é ní Tradizionale, èyí tí wọ́n kọ extravecchio sí lára ti lo ọdún 25 ó kéré tán. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá bí ọmọbìnrin ni wọ́n ń dá ọ̀wọ́ àgbá tuntun sílẹ̀ fún un, kó lè gbé e lọ sílé ọkọ. Ẹrù ìyàwó pátápátá! Ti súpámákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ IGP sí lára yàtọ̀, ọgọ́ta ọjọ́ ni òfin ní kó lò nínú àgbá ó kéré tán. Tí ẹ bá tọ́ méjèèjì wò pa pọ̀ ẹ ò ní bi mí ìdí tó fi wọ́n.

Ti màmá ńkọ́? Òkè àjà ni mo wí o, àtẹ̀gùn wà, ó sì máa ń ga. Ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó lọ, àwọn kan máa ń gbé ìgò àti ṣíbí sọ̀kalẹ̀ wá bá àgbàlagbà nílẹ̀.

KúnléGalloNero:

Ìyáa wa, ẹ rọra ba Tuscany jẹ́ o 😂 Òótọ́ ni pé wáìnì ni ọba, ṣùgbọ́n ẹ ti gbàgbé pé oṣù kẹwàá ló sọ. Oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá ni wọ́n ń ká ólífì, tí ẹ bá débẹ̀ ní ìparí oṣù ẹ lè bá wọn nídìí ẹ̀rọ tó ń fún un, frantoio ni wọ́n ń pè é, ẹlòmíì ń ṣiṣẹ́ mọ́jú torí ólífì tí wọ́n bá ká tí wọ́n fi sílẹ̀ pẹ́ á bàjẹ́. Òróró tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yẹn, àwọ̀ ewé ló máa ń ní, wọ́n á dà á sórí búrẹ́dì yíyan tí wọ́n ti fi aáyù pa, tí ẹ bá gbé e mì á ta yín lọ́fun bí ata, ẹ ó húkọ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì. Àlejò máa ń rò pé ó ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́ o, títa yẹn àti kíkorò yẹn ni àmì òróró tuntun tó dáa. Alhaji ò ní mu ohunkóhun, yóò sì gbádùn. Kódà búrẹ́dì tí ò níyọ̀ tí ẹ ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, òróró yìí gan-an ló bá a mu jù.

Ní ti wáìnì, Abẹ̀kẹ́, àárín Florence àti Siena ni Chianti Classico, àkùkọ dúdú ló wà lọ́rùn ìgò wọn, ó kéré tán ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ àjàrà Sangiovese. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ti lásán kí wọ́n tó fún yín ní Riserva, kí ẹ lè mọ ohun tí ọdún méjì tí wọ́n fi tọ́jú rẹ̀ fi kún un. Tí wọ́n bá gbé vin santo, wáìnì aládùn kan, dé lópin, tòun ti bísíkíìtì líle tó ní álímọ́ńdì nínú, kí Alhaji jẹ bísíkíìtì rẹ̀ ní gbígbẹ, torí ọtí ni wọ́n ní kẹ́ ẹ rì í bọ̀.

Ẹ béèrè bí ẹ ṣe máa mọ oko gidi. Òfin wà fún un ní Ítálì láti 1985, wọ́n tún un ṣe ní 2006, ó ní iṣẹ́ oko ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, gbígba àlejò á máa tẹ̀ lé e. Nítorí náà kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá kàn nílé lábúlé ló lè pe ara rẹ̀ ní agriturismo. Ohun tí èmi máa ń wò ni bóyá wọ́n ń sọ ohun tí wọ́n ń gbìn àti iye ẹran tí wọ́n ní. Tó bá jẹ́ adágún omi ìwẹ̀ àti bẹ́ẹ̀dì nìkan ni wọ́n ń sọ ṣáá, ibi ìsinmi ni, ó lè dáa o, àmọ́ ẹ ò ní rí ẹni tó máa ṣàlàyé màlúù fún yín.

Oko mẹ́ta lọ́jọ́ kan kẹ̀? Ẹyọ kan láàárọ̀, kó pari sí oúnjẹ ọ̀sán. Ẹ má fi kún un. Àwọn èèyàn yìí ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ tètè dìde nídìí tábìlì, bàbá àgbàlagbà kan á kàn ṣàdédé gbé ìgò kan wá láti ẹ̀yìn ilé pé eléyìí ò sí fún títà.

ṢọlẹCiao:

Ẹ̀gbọ́n Kúnlé, ṣé òótọ́ ni pé èèyàn lè tu wáìnì yẹn dà nù lójú ẹni tó ṣe é? Ojú ò tì wọ́n?

KúnléGalloNero:

Ojú kì í tì wọ́n rárá, wọ́n ní korobá fún un lórí tábìlì. Ẹni tó ń wa mọ́tò gbọ́dọ̀ tu ú. Ẹnikẹ́ni ò ní bínú sí ọ.

BàbáDírẹ́bà:

Torí ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo ṣe dá sí i. Àǹfààní ńlá lẹ ní, Alhaji ò mu, kó gba kọ́kọ́rọ́, ó parí. Gíráàmù 0.5 nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan ni òfin gbà, ẹni tí láísẹ́ǹsì rẹ̀ ò tíì pé ọdún mẹ́ta ò gbọ́dọ̀ ní ọtí kankan nínú ẹ̀jẹ̀ rárá. Tó bá jẹ́ láísẹ́ǹsì Nàìjíríà ló ní, kó gba International Driving Permit mọ́ ọn kó tó kúrò nílé. Ọ̀nà oko máa ń jẹ́ ọ̀nà òkúta wẹ́wẹ́ funfun, ẹ háyà mọ́tò kékeré, ẹ má háyà ràgàjì, ọ̀nà tóóró ni. Kẹ́ ẹ sì ṣọ́ra fún ZTL láàárín ìlú, ìyẹn àdúgbò tí mọ́tò tí ò gba àṣẹ ò gbọ́dọ̀ wọ̀, kámẹ́rà ló ń ṣọ́ ọ, ẹ ò ní rí ọlọ́pàá kankan, ìwé fáìnì ló máa wá bá yín nílé lẹ́yìn oṣù mélòó kan nígbà tẹ́ ẹ ti gbàgbé ìrìnàjò. Ẹ páàkì síta, kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ rìn wọlé.

Abẹ̀kẹ́Onírìnàjò:

Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á bù kún yín. Alhaji ti ka gbogbo rẹ̀, ó ní fínígà òkè àjà ló wọ òun lọ́kàn jù, torí náà Modena la máa gbà kọ́kọ́ lọ, a ó wá fi ìparí oṣù sí ti òróró ní Chianti. Ẹ̀gbọ́n Kúnlé, ẹ ti jàre ìdajì 😂 Ó ku ìbéèrè méjì. Àkọ́kọ́, kí ni mo lè gbé padà sí London? Èkejì, wọ́n ní kéèyàn kọ ímeèlì kó tó lọ, ṣé òyìnbó ni màá fi kọ ọ́? Kí ni màá sì sọ nípa ẹlẹ́dẹ̀ tí ò ní dà bíi pé à ń ráhùn?

ÌyáModena:

Láti oṣù kẹrin 2025 wọn ò gbà kéèyàn gbé ẹran màlúù, ẹlẹ́dẹ̀, àgùntàn tàbí ewúrẹ́, tàbí wàràkàṣì, láti Yúróòpù wọ Great Britain mọ́, bó ti wù kí wọ́n dì í tó. Ẹ jẹ Parmigiano yín tán síbí. Fínígà ò sí nínú rẹ̀, ìgò Tradizionale ò ju 100 ml lọ, owó rẹ̀ lè tó 50 yúrò tàbí kó jù bẹ́ẹ̀, ẹyọ kan ti tó. Òróró náà ò níṣòro, nínú báàgì ńlá ni kẹ́ ẹ fi sí.

Ẹ má sọ ẹlẹ́dẹ̀ nìkan o, torí tí ẹ bá ní ẹ ò jẹ ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n á yọ prosciutto (itan ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀) kúrò, wọ́n á tún gbé gnocco fritto (ìyẹ̀fun dídín) fún yín tí wọ́n fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ pò tàbí tí wọ́n fi dín in. Strutto ni wọ́n ń pe ọ̀rá yẹn, ẹ dárúkọ rẹ̀. Tortellini náà, pásítà kéékèèké tí wọ́n ń ki nǹkan sínú, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Kẹ́ ẹ ní kí wọ́n ṣe tortelloni oníwàrà ricotta fún yín, Alhaji á tún bèèrè sí i. Ẹ bèèrè nípa ìpápánu aládùn pẹ̀lú, zuppa inglese ní ọtí nínú, tiramisù sì máa ń ní in nígbà míì.

Wọ́n gbọ́ òyìnbó díẹ̀díẹ̀, ọmọ wọn ló sábà máa ń dáhùn ímeèlì, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi Ítálì kọ ọ́, ìyá tó ń dáná náà á lè kà á fúnra rẹ̀. Ẹ da eléyìí kọ, kẹ́ ẹ fi ọjọ́ tí ẹ fẹ́ sí i (ó ní a jẹ́ mẹ́ta, a fẹ́ wá wo oko yín, ká tọ́ nǹkan wò, ká sì jẹun ọ̀sán; ọkọ mi kì í mu ọtí, kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, títí kan ọ̀rá rẹ̀; àtẹ̀gùn ń ni màmá mi lára; ṣé ó ṣeé ṣe?):

"Buongiorno, siamo in tre e vorremmo visitare la vostra azienda, con degustazione e pranzo. Mio marito non beve alcolici e non mangia maiale, nemmeno lo strutto. Mia madre fa fatica con le scale. È possibile? Grazie."

Ẹ kọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú. Tí wọn ò bá dáhùn, kò túmọ̀ sí pé wọn ò fẹ́ yín, inú oko ni wọ́n wà, ẹ pè wọ́n lórí fóònù. Ṣùgbọ́n ẹ má pè láàárín agogo kan sí mẹ́ta ọ̀sán, wọ́n ń jẹun.