Ẹni tó yọ nínú ewu, nínú ìwé àti nínú ilé wa: ẹ wá sọ ìrírí yín

Olùkọ́ Yorùbá, Iléṣà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà tí mo ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní Ẹfúnṣetán Aníwúrà, eré onítàn tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tó jáde ní 1970. Gbogbo wa la mọ ohun tí àwọn èèyàn ń pe Ìyálóde Ìbàdàn tí wọ́n bá ka ìwé yẹn tán. Ìkà. Ọ̀dájú. Ẹni tó ní kí wọ́n pa Adétutù, ẹrúbìnrin rẹ̀, torí pé ó lóyún. Bí ẹ bá bi àwọn ọmọ pé irú èèyàn wo ni, wọn ò ní jẹ́ kí ẹ sọ̀rọ̀ tán kí wọ́n tó dáhùn.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí i ṣáájú? Ọmọ kan ṣoṣo tó bí kú sórí ìkúnlẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ló ṣòfin pé ẹrúbìnrin kankan ò gbọdọ̀ lóyún nínú ilé òun, ẹrúkùnrin kankan ò sì gbọdọ̀ fún obìnrin lóyún. Mo bi kíláàsì pé kí ló dé tó fi jẹ́ oyún gan-an ló kà léèwọ̀. Wọ́n dákẹ́. Ọmọbìnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ nawọ́, ó ní, "Mà, bóyá kò fẹ́ gbọ́ igbe ọmọ tuntun létí mọ́." Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ ìwé yìí, n kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni là á báyẹn rí. Ìkà ṣì ni ìkà o, ọ̀fọ̀ tó ṣẹ Ìyálóde ò jí Adétutù dìde. Àmọ́ ẹni tó kọ ìwé yẹn mọ̀ pé ọ̀fọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò bá èèyàn gbé máa ń wá ibi gbà jáde. Nínú ilé yẹn, òfin ló gbà jáde.

Ohun tó mú mi wá síbí nìyí. Ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Ifẹ̀ nígbà tí ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ tún bẹ́ sílẹ̀ ní 1997. N kò ní sọ apá ibi tí ilé wa wà, torí kì í ṣe ìyẹn ni mo bá wá, ibọn ò sì bi ọmọdé léèrè. Ìyá àgbà wa ni mo fẹ́ sọ. Títí wọ́n fi kú, wọn kì í bọ́ sálúbàtà kí wọ́n má kọ orí rẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, kí ẹsẹ̀ lè wọ̀ ọ́ láìwo ilẹ̀. Báàgì kan wà lábẹ́ ibùsùn wọn: òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ìwé ilẹ̀, fọ́tò bàbá, ìpápánu tí wọ́n máa ń pààrọ̀ kó má baà bàjẹ́. Ní oṣù Kejìlá, tí àwọn ọmọdé bá ń yin bángà, wọ́n á rọra dìde, wọ́n á wọ yàrá inú lọ. Tó bá ṣe díẹ̀, wọ́n á jáde wá bi wá pé ṣé ọbẹ̀ ti gbóná. Wọn kì í ṣàlàyé, àwa náà ò sì jẹ́ béèrè.

Nínú fíìmù, obìnrin yẹn ì bá ti máa rìn kiri Ọjà Tìtun pẹ̀lú aṣọ àkísà. Tàbí kí ó di agbẹ̀san. Ìyá wa ò ya wèrè, wọn ò gbẹ̀san lára ẹnì kan. Wọ́n ń ta ẹ̀wà, wọ́n ń lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́, wọ́n ń na àwa ọmọ. N kò tíì rí wọn nínú fíìmù kankan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ti yín. Ìtàn wo ló rí yín bí ẹ ṣe wà, èwo ló sì parọ́ mọ́ yín?

Nọ́ọ̀sì, Ìlódè, Ifẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọlọ́run á tẹ́ ìyá àgbà sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ ni mo ti ṣiṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un.

Èyí tí fíìmù wa fẹ́ràn jù, kí ẹni tí láburú ṣẹlẹ̀ sí já sọ́jà níhòòhò, ó wà, ṣùgbọ́n àìsàn mìíràn nìyẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Èyí tí olùkọ́ ń sọ, tí àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà fi orúkọ PTSD (post-traumatic stress disorder, àìsàn ọkàn tó ń tẹ̀ lé láburú) kọ sínú ìwé wọn ní 1980 lẹ́yìn tí àwọn sójà ti ti Vietnam dé tí wọn ò rí oorun sùn, ó ní bó ṣe ń rìn. Ọ̀rọ̀ náà á máa padà wá láìjẹ́ pé èèyàn pè é, lójú oorun tàbí lójú mọ́mọ́, bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣẹlẹ̀. Èèyàn á máa yẹra fún ibẹ̀, fún òórùn ibẹ̀, fún ẹni tó jọ ẹni ibẹ̀. Ara ò ní balẹ̀: ilẹ̀kùn á gbá, àyà á já. Àwọn mìíràn ò tilẹ̀ ní sunkún. Ọmọ wọn á gba ẹ̀bùn ní iléèwé, wọ́n á mọ̀ pé ó yẹ kí inú wọn dùn, inú náà ò ní dùn. Kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó rí láburú ló ń ní in o. Ọ̀pọ̀ ló ń padà bọ̀ sípò, pàápàá tí wọ́n bá ní ẹni tó dúró tì wọ́n.

Èyí tó ń bí mi nínú jù nínú fíìmù ni ìran tí wòlíì ti máa ń woni sàn. "Sọ gbogbo rẹ̀ nísinsìnyí kí o lè gba ìwòsàn!" Obìnrin náà á sọ ọ́, á ké, á ṣubú, tó bá dìde ara rẹ̀ ti yá. Mo ti rí àwọn tí ẹbí wọn wo irú eré yẹn, tí wọ́n wá mú wọn jókòó sáàárín ilé pé kí wọ́n sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fipá mú ẹnikẹ́ni. Kí a máa fa ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu èèyàn kété tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí i kì í ràn án lọ́wọ́, ó lè dá kún un. Ìtọ́jú tó ń ṣiṣẹ́ máa ń gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ẹni náà ló sì ń yan ìgbà tó máa ṣí ẹnu.

Ìyá Ìbejì, Òkèṣà, Iléṣà

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun. Èmi ò ṣe wòlíì, ìdúpẹ́ ni wọ́n ṣe fún mi.

Àwọn adigunjalè dá ọkọ̀ wa dúró lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀, nígbà tí a kọjá Ìkirè. Wọ́n ní kí gbogbo wa dojú bolẹ̀ lórí ọ̀dà. Ọkùnrin tó jókòó tì mí nínú ọkọ̀, tó ti fún mi ní gúgúrú, kò dìde mọ́. Èmi délé. Kò sí ibi tí wọ́n ti gbá mi, kò sí ohun tí wọ́n ṣe mí ju owó ọjà tí wọ́n gbà.

Ẹ mọ bí a ti ń ṣe. "Ẹ kú ewu o! Ẹ kú orí ire! A dúpẹ́ pé ẹ̀yin kọ́!" Ilé kún. Àwọn ẹbí ní ká ṣe ìdúpẹ́, ó sì dára bẹ́ẹ̀, n kò ní sọ̀rọ̀ òdì sí ọpẹ́. A ra ankara, a se ìrẹsì, ẹgbẹ́ akọrin kọ orin títí. Wọ́n gbé máìkì fún mi. Mo sọ èyí tó ṣeé sọ. N kò dárúkọ ọkùnrin gúgúrú, torí báwo ni mo ṣe fẹ́ dúró síwájú pẹpẹ kí n ní Ọlọ́run yọ mí, nígbà tí ìyàwó tirẹ̀ náà ń gbàdúrà níbì kan? Mo jó, mo ju áńkáṣífù sókè.

Ibẹ̀ gan-an ni fíìmù máa ń parí sí. Wọ́n á kọ "To God be the glory" sójú tẹlifíṣọ̀n, gbogbo wa á dìde lọ sùn. Àmọ́ lẹ́yìn ìdúpẹ́ ni tèmi ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá gbóòórùn ọ̀dà, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n. N kò lè jẹ gúgúrú, n kò lè jẹ́ kí àwọn ọmọ jẹ ẹ́ níwájú mi. Òru ni mo máa ń ka àwọn tó wà nínú ọkọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo sọ fún bàbá àwọn ọmọ, ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Ṣebí a ti dúpẹ́?" Wọn ò fi ìbínú sọ ọ́. Ó yà wọ́n lẹ́nu ni. Wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, torí gbogbo ìtàn tí a ti ń gbọ́ láti kékeré, ibẹ̀ ló ń parí sí. Mo wá ń fi pamọ́ fún wọn, kó má baà dà bí ẹni pé abara-moore-jẹ ni mí níwájú Ọlọ́run.

N kò tíì rí òǹkọ̀wé tó sọ ìyẹn.

Ọmọ Great Ife, ó ń gbé ní Ifẹ̀

Ẹ kú orí ire, mà, ẹ sì kú ohun tó tẹ̀ lé e náà.

Fajuyi Hall, ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì OAU, ni mo wà ní òru 10 oṣù Keje 1999, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn wọ Awolowo Hall. Akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún ló kú. George Iwilade, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, tí gbogbo wa ń pè ní Afrika, wà nínú wọn. N kò ní sọ ohun tí mo gbọ́ lóru ọjọ́ náà níbí. Fíìmù ẹgbẹ́ òkùnkùn pọ̀ lọ bíi yanrìn, n kò sì lè wo ọ̀kan tán. Àáké, fìlà pupa, ẹ̀jẹ̀, iná tó ń ṣẹ́jú. Ẹni tó ń pani ni wọ́n ń tẹ̀ lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: bó ṣe wọ ẹgbẹ́, bó ṣe ronú pìwà dà. Ẹni tó wà ní yàrá kejì, tó ti tó bàbá ọlọ́mọ báyìí, tí kò lè sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì àyàfi tó bá fi àga ti ilẹ̀kùn, kò sí níbẹ̀. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o ò lè gbàgbé; àwọn eré wa sì fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn ẹni tó ṣu.

Ìwé kan ló rí mi. Half of a Yellow Sun, tí Chimamanda Ngozi Adichie kọ ní 2006, lórí ogun Biafra. Olanna sá kúrò ní Kano lẹ́yìn tí wọ́n pa àwọn ẹbí rẹ̀. Nínú ọkọ̀ ojúurin, obìnrin kan ṣí igbá fún un, orí ọmọ obìnrin náà ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí Olanna délé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀, kò gbé e mọ́. Dókítà ò rí ohun tó ṣe ẹsẹ̀. Ìbẹ̀rù ńlá á kàn máa bò ó mọ́lẹ̀ lójijì. Síbẹ̀ kò ya wèrè. Ó tọ́ ọmọ, ó jà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, ó la ogun kọjá. Ìgbà tó tó àkókò ló sọ ọ̀rọ̀ igbá náà fún Ugwu, ọmọ ọ̀dọ̀ wọn, Ugwu sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọ̀ yẹn, mo pa ìwé dé. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo kọ́kọ́ sọ fún ìyàwó mi ìdí tí mo fi ń ti ilẹ̀kùn.

Òǹkọ̀wé eré, Modákẹ́kẹ́

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń rí lẹ́yìn kámẹ́rà. Kì í ṣe pé àwa òǹkọ̀wé ò mọ̀. Ọgbẹ́ ọkàn kì í tètè hàn lójú àwòrán ni. Èèyàn jókòó, ó ń wo ilẹ̀kùn, kò sọ nǹkan kan: ẹni tó ń fowó sílẹ̀ á ní kí nìyẹn? Igbe ló fẹ́. Ó fẹ́ kí ojú àwòrán rú kí a padà sí ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀.

Mo kọ ìran kan nígbà kan. Obìnrin kan wọ kórópe, bọ́ọ̀sì kékeré, ní Lágéré, ó ń lọ sí gáàtì yunifásítì. Ọkùnrin kan wọlé ní Mayfair, ó jókòó tì í. Obìnrin náà ò wo ojú rẹ̀. Ó kàn ní "Ó wà o!", ó sọ̀kalẹ̀, ó fẹsẹ̀ rin ìyókù nínú oòrùn. Ìdajì eré ń lọ kí òǹwòran tó mọ̀ pé lọ́fíńdà ọkùnrin yẹn ni: irú rẹ̀ ni ẹni tó fipá bá a lò pọ̀ ń fín. Àwọn tó ni iṣẹ́ ní kí n yọ ọ́, kí n fi bí wọ́n ṣe fipá bá a lò pọ̀ gan-an rọ́pò rẹ̀. Mo kọ̀. Ohun tí wọ́n ṣe fún obìnrin kì í ṣe ìran àpéwò, mélòó nínú àwọn tó máa wò ó nílé ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí? A fà á títí. Òṣèrébìnrin náà gbè mí lẹ́yìn, ó ní òun ò ní ṣe èkejì. Kórópe ló kù.

Ìyá Ìbejì, mo ń tọrọ gáfárà. Ṣé ẹ lè gbà kí n kọ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ yẹn, láìdárúkọ yín?

Ọmọ Lágéré

Wọn ò tíì bí mi nígbà ìjà 1997. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ̀yìn mi ti máa kan ògiri ni mo máa ń wá jókòó sí ní ilé oúnjẹ, kí n lè rí ẹnu ọ̀nà. Ìgbà tí mo ka ti olùkọ́ ni mo rántí pé màmá mi ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. N kò tíì mọ bí mo ṣe máa bi wọ́n.

Olùkọ́ Yorùbá, Iléṣà

Ọmọ mi, má kánjú. Jókòó tì wọ́n níbi ògiri yẹn ná.

Ìyá Ìbejì, Òkèṣà, Iléṣà

Òǹkọ̀wé, mo gbà. Àmọ́ ẹ má parí rẹ̀ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jà Àtàkúmọ̀sà, tí oníbàárà fún mi lówó tí n kò lè ka ṣéńjì. Ìyá tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì wá jókòó tì mí, kò bi mí ní nǹkan kan, ó bá mi tajà títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ fi ìyá yẹn sí i, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ sì fi bí mo ṣe wà báyìí sí i: mò ń lọ Ìbàdàn rajà, n kì í sùn lójú ọ̀nà, n kì í wọ ọkọ̀ tó máa délé lálẹ́. Mò ń rẹ́rìn-ín dáadáa. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó máa ṣe mí nínú eré ya wèrè o, ẹ má sì jẹ́ kó bọ́ lára rẹ̀ pátápátá. Ẹ pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ọwọ́ mi máa ń dilẹ̀ lẹ́yìn ìsìn.