Orúkọ wo ni kí n kọ sábẹ́ fọ́tò ìbejì yìí?

Ọmọ Táyélolú, Ìbàdàn

Ẹ kú ìmúra ọdún o, gbogbo ẹ̀yin tí a jọ ń gé bébà, tí a jọ ń lẹ fọ́tò mọ́ páálí. Mo ní ìrírí kan tí mo fẹ́ sọ, ìbéèrè kan sì wà nínú rẹ̀ tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Mọ́mì wa pé ọdún 75 lọ́dún yìí. Táíwò ni wọ́n, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún. Gbogbo àwa ọmọ fẹnu kò pé bí a bá pàdé nílé ní Kérésìmesì, ìwé ìrántí tí a fọwọ́ ara wa ṣe ni a ó gbé lé wọn lọ́wọ́. Èmi ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Mo ra páálí funfun tó nípọn, mo gé e sí ojú ewé 20. Mo lọ bá aránṣọ wa, àṣé ìyá yìí ti ń tọ́jú ìrépé aṣọ ẹbí wa láti ọdún pípẹ́: ti ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ti ìsìnkú Bàbá, ti ìkómọ lóríṣiríṣi. Mo fi ìrépé kọ̀ọ̀kan ṣe etí ojú ewé tí fọ́tò ayẹyẹ rẹ̀ wà. Lábẹ́ orúkọ ẹnìkọ̀ọ̀kan, mo kọ oríkì tí Mọ́mì fi ń pè é láàárọ̀: Àjọkẹ́, Àkànní, Àbẹ̀ní, Àlàbí. Oríkì yìí dùn mọ́ mi ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ó ti ń kúrò lẹ́nu àwọn ọmọ wa, mo sì fẹ́ kí wọ́n rí i ní kíkọ, kí wọ́n mọ̀ pé tiwọn ni.

Àwọn fọ́tò àtijọ́ ló dá mi dúró. Inú álíbọ́ọ̀mù tí Mọ́mì rà ní 1983 ni wọ́n wà, irú èyí tí gọ́ọ̀mù wà lójú ewé rẹ̀ ní ìlà-ìlà, tí a ó ṣí ọ̀rá orí rẹ̀, tí a ó tẹ fọ́tò mọ́ ọn, tí a ó tún da ọ̀rá bò ó. Ilé wo ni kò ní irú rẹ̀ nígbà náà? Gọ́ọ̀mù yẹn ti pọ́n, ó ti di fọ́tò mú gírígírí. Èyí tí mo kọ́kọ́ fi èékánná ṣí, fàà ló ya: ìdajì ojú Bàbá àgbà ṣẹ́kù sórí gọ́ọ̀mù. Fọ́tò wọn kan ṣoṣo tí a ní nìyẹn. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé ló yọ mí. Ó ní kí n kọ́kọ́ fi fóònù ya gbogbo ojú ewé bí ó ṣe wà, kí n tó tún fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó ní kí n wá mú òwú tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń yọ ẹran láàárín eyín, kí n kì í bọ abẹ́ igun fọ́tò, kí n máa fà á lọ fà á bọ̀ bí ẹni ń fi ayùn la igi. A kì í gbé fọ́tò sókè. Òwú ni kó máa rìn lábẹ́ rẹ̀. Èyí tó bá kọ̀, ká gé ojú ewé yí i ká, ká fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn rẹ̀. Alẹ́ méjì ni mo fi ṣe é. Fọ́tò 31 ló jáde láìya.

Ọ̀kan nínú wọn ni mo fi ń pè yín. Láti kékeré la ti mọ̀ ọ́n: Mọ́mì àti Kẹ́hìndé wọn, ọmọ bí ọdún mẹ́fà, wọ́n jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, gáùn wọn bára mu, ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́rùn àwọn méjèèjì. A mọ̀ pé Kẹ́hìndé kú ní kékeré. Nígbà tí mo gbé e sábẹ́ iná láti nu gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀, mo rí i pé bọ́tìnnì kẹta já lára gáùn ọmọ apá ọ̀tún. Mo wo ọmọ apá òsì. Bọ́tìnnì kẹta ló já lára tirẹ̀ náà. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà láàárín wọn, láti òkè dé ilẹ̀.

Mo gbé e tọ Mọ́mì lọ. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní, “Èmi ni méjèèjì.”

Kẹ́hìndé ti lọ kí fọ́tò yẹn tó wáyé. Ìyá wọn mú wọn lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò, wọ́n ní àwọn fẹ́ fọ́tò ìbejì àwọn. Mọ́mì ṣì rántí pé onífọ́tò yà wọ́n lórí àga kan, ó wá ní, “Ó yá, bọ́ sórí èkejì. Kẹ́hìndé ni ọ́ báyìí.”

Kí wá ni kí n kọ sábẹ́ rẹ̀? Àbúrò mi ọkùnrin ní kí n kọ òótọ́: Táíwò nìkan. Ọwọ́ mi kò gbé e. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti bá irú rẹ̀ pàdé, kó bá mi sọ̀rọ̀.

Ìyá Wálé, Abẹ́òkúta

Ọmọ Táyélolú, omi bọ́ lójú mi. Orúkọ méjèèjì ni kí ẹ kọ o. N kò ní àlàyé kankan, bí ó ṣe rí lára mi nìyẹn.

Nípa ìrépé aṣọ, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ tèmi kó tó bá ẹlòmíràn. Mo máa ń ṣe káàdì Ìléyá fún àwọn àna mi, mo sì máa ń fi ìrépé adìrẹ láti Ìtòkú gé oṣù àti ìràwọ̀ sí iwájú rẹ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́, gọ́ọ̀mù olómi ni mo fi lẹ̀ ẹ́. Káàdì 40! Nígbà tí ilẹ̀ fi mọ́, aró ti ṣàn sínú bébà funfun, ó ti di búlúù ràkọ̀ràkọ̀ yí gbogbo oṣù ká. Ọ̀la sì ni Ìléyá. Ìpè ni mo fi kí gbogbo wọn lọ́dún náà.

Ìyá tó ń pa aró ló là mí lójú pé aṣọ náà kò tíì mu omi tó. Ní báyìí, mo máa ń ṣan ìrépé nínú omi tútù, mo máa ń dà á nù, mo tún ń bu òmíràn, títí omi yóò fi mọ́ gaara nínú abọ́ funfun. Màá sá a síbòji, màá lọ̀ ọ́, màá sì fi téèpù olójú méjì lẹ̀ ẹ́ dípò gọ́ọ̀mù. Láti ìgbà yẹn, aró kò ṣàn mọ́. Èyí tó ní irú adìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, tí òpó gbọ̀ngàn Mápó wà nínú rẹ̀, ni àna mi ọkùnrin fi sínú férémù, tí wọ́n gbé kọ́ sí pálọ̀, nítorí ọmọ Ìbàdàn ni wọ́n.

Bàbá Onífọ́tò, Òṣogbo

Ọmọ mi, o ṣeun tí o kò fi ipá ṣí i. Mo gba fíríìdọ̀mù iṣẹ́ fọ́tò ní 1974, mo sì ya irú fọ́tò yẹn ju bí mo ṣe lè kà lọ.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. A ó ya ọmọ tó kù lẹ́ẹ̀mejì, lọ́tùn-ún àti lósì. Nínú dáàkìrúùmù, yàrá òkùnkùn tí a ti ń fọ fọ́tò, a ó fi páálí dúdú bo ìdajì bébà, a ó jẹ́ kí iná gba inú nẹ́gátíìfù àkọ́kọ́ bọ́ sórí ìdajì tó ṣí. A ó wá yí páálí sódì kejì, a ó fi nẹ́gátíìfù kejì sí i. Ibi tí etí páálí dúró sí ni ìlà tí o rí yẹn ti wá. Bí ọ̀gá bá mọwọ́, ìlà náà kò ní hàn rárá. Bí ìbejì bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin, a ó wọ aṣọ ọkùnrin fún ọmọ náà, a ó yà á, a ó tún wọ aṣọ obìnrin fún un. Ẹni tí owó rẹ̀ kò ká kí a yà á lẹ́ẹ̀mejì, ẹyọ kan náà la ó tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní lè pè é ní irọ́. Kì í ṣe irọ́. Ìyá ìbejì tí ọ̀kan bá kú mọ́ lọ́wọ́ láyé àtijọ́, ère ni yóò ní kí wọ́n gbẹ́ fún òun, yóò máa wẹ̀ ẹ́, yóò máa fi osùn kùn ún, yóò máa bọ́ ọ pẹ̀lú èyí tó wà láyé. Nígbà tí ọ̀pọ̀ wọn di Onígbàgbọ́ tàbí Mùsùlùmí, tí wọn kò fẹ́ gbẹ́ ère mọ́, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń bọ̀. Mo rí ìyá tó ń gbé fọ́tò bẹ́ẹ̀ mọ́ra bí ọmọ. Ìyá àgbà rẹ sanwó fún fọ́tò ìbejì, fọ́tò ìbejì ni wọ́n sì gbà.

Kọ orúkọ méjèèjì síwájú. Bí wọ́n ṣe yà á àti ọdún rẹ̀, fi pẹ́ńsùlù tó rọ̀ kọ ọ́ sẹ́yìn, má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Má lo bíírò: yóò dá àpá sí i lára, íńkì rẹ̀ yóò sì ràn mọ́ fọ́tò tó bá wà lábẹ́ rẹ̀. Má sì tún fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ká bébà pélébé sí igun mẹ́rin, lẹ igun yẹn mọ́ páálí, kí o wá ti fọ́tò bọ̀ ọ́. Nígbà tí ọmọ-ọmọ bá fẹ́ ka ẹ̀yìn rẹ̀, yóò kàn fà á yọ ni.

Àbíkẹ́, Peckham

Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Tèmi kéré. Àwa méjì là ń ṣe káàdì Ọjọ́ Ìyá fún màmá wa tó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde: èmi níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, àbúrò mi ní Amẹ́ríkà. Níbí, Àìkú kẹrin nínú ààwẹ̀ Lẹ́ǹtì ni. Lọ́hùn-ún, Àìkú kejì nínú oṣù karùn-ún. Tèmi ń dé ní àsìkò tí ṣọ́ọ̀ṣì wọn ń ṣe tiwọn, ti àbúrò mi a sì dé lẹ́yìn rẹ̀. Mo fẹ́ kí a so ó pọ̀ sí ọjọ́ kan. Màmá kọ̀. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n bí wa, kí a máa kí àwọn lẹ́ẹ̀mejì.

Tíṣà Fẹ́mi, Ṣakí

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tó ń fi sítáàṣì tàbí ìyẹ̀fun lẹ nǹkan nítorí pé gọ́ọ̀mù wọ́n, ẹ ṣọ́ra. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ìwé ìrántí àwọn ọmọ kíláàsì mi. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ni mo gbé e sí ní àsìkò òjò. Nígbà tí mo ṣí i, aáyán ti jẹ gbogbo ibi tí sítáàṣì kàn, ojú àwọn ọmọ sì wà lára rẹ̀. Mo tún un ṣe, ṣùgbọ́n méjì nínú àwọn ọmọ yẹn ti kó kúrò nílùú, n kò rí fọ́tò wọn mọ́.

Ọmọ Táyélolú, Ìbàdàn

Mo kí gbogbo yín. Bàbá Onífọ́tò, kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa.

N kò lè dúró di Kérésìmesì. Mo ká igun bébà mẹ́rin bí Bàbá ṣe wí, mo ti fọ́tò bọ̀ ọ́, mo gbé ojú ewé náà fún Mọ́mì pẹ̀lú pẹ́ńsùlù. Mo ka ọ̀rọ̀ Bàbá sí wọn létí. Wọ́n ní kí n tún ibi tí ó ti sọ̀rọ̀ ère kà. Wọ́n wá sọ fún mi pé ìyá àwọn kì í bu oúnjẹ fún àwọn láì kọ́kọ́ na ọwọ́ sí fọ́tò yẹn lára ògiri. N kò gbọ́ ọ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.

Kẹ́hìndé ni wọ́n kọ́kọ́ kọ, sábẹ́ ọmọ apá ọ̀tún, nítorí pé òun lẹ̀gbọ́n. Wọ́n wá kọ Táíwò. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n díẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí n bá wọn di pẹ́ńsùlù mú. Ẹ̀yìn rẹ̀, èmi ni mo kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́: ìlú, àga méjì, bọ́tìnnì tó já lójú ọ̀nà. Mo bi wọ́n pé ta ló wá rán bọ́tìnnì náà padà. Wọ́n ní ìyá àwọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rán an.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n rán ọmọ mi lọ sọ́jà, pé kó ra ẹ̀wà olóyin kóńgò méjì. Wọ́n fi epo sè é, wọ́n sì pè gbogbo ọmọ àdúgbò wá jẹ ẹ́.