Mo fẹ́ mú Màmá lọ sí Olúmọ: báwo ni mo ṣe máa ya fídíò tí a ó gbọ́ ohùn wọn ketekete?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Sátidé tó ń bọ̀, èmi, Màmá mi àti àwọn ìbejì fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin láti Èbúté Mẹ́ta lọ sí Abẹ́òkúta, ká lọ wo Olúmọ. Màmá ti pé ẹni ọdún 74, orókùn sì ń yọ wọ́n lẹ́nu.

Ọkàn mi ò tíì kúrò lórí ìrìn àjò tí a lọ sí Ẹ̀rín-Ìjẹ̀ṣà lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Bàbá mi dúró lẹ́bàá omi, wọ́n ń ki àwọn ọmọ. Èmi ni mo di fóònù mú. Bàbá ti dolóògbé báyìí. Tí mo bá ṣí fídíò yẹn, mò ń rí ẹnu wọn tó ń mì, àmọ́ ariwo omi ti gbé gbogbo ọ̀rọ̀ lọ. Wọn ò tíì ki oríkì náà tán tí fóònù fi kún. Mi ò fẹ́ kí ti Màmá rí bẹ́ẹ̀. Ẹ dákun, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ayáwòrán Ìbàdàn:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Ìbejì. Ọlọ́run á tẹ́ Bàbá sí afẹ́fẹ́ rere.
Fóònù méjì ni kí ẹ lò. Ọ̀kan á máa ya àwòrán lọ́wọ́ yín, èkejì á máa ká ohùn lára Màmá. Ẹ fi sínú àpò bùbá wọn, kí ìdí rẹ̀ kọjú sókè, torí ẹ̀gbẹ́ ojú ibi tí a ń ki ṣájà bọ̀ ni ihò tó ń gba ohùn wà. Ẹ má fi sábẹ́ ìborùn, aṣọ á máa ha á. Ẹ pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà pè é. Kí Màmá tó sọ̀rọ̀, kí ọmọ kan pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo níwájú kámẹ́rà: ibi tí àtẹ́wọ́ bá ti dún ni ẹ ó ti so ohùn pọ̀ mọ́ àwòrán nígbà tí ẹ bá délé.
Ní ti àyè, lórí fóònù tèmi, ìṣẹ́jú kan ní 1080p (ìwọ̀n bí fídíò ṣe mọ́ kedere tó) ń jẹ nǹkan bí 130MB; 4K, tó mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ìyẹn. 1080p ti tó yín. Ẹ kó àwọn fídíò àtijọ́ sórí fláàṣì lálẹ́ Fúráìdé.

Ọmọ Líṣàbi:
Láderin ni ọkọ̀ ojú irin máa já yín sí, ẹ ó tún wọ takisí wọ ìgboro. Ẹ tètè lọ láàárọ̀, òkúta yẹn máa ń gbóná lọ́sàn-án. Wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ agbéniròkè síbẹ̀ láti 2006, ẹ bi wọ́n lẹ́nu géètì bóyá ó ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Bí kò bá ṣiṣẹ́, kí Màmá má fi agbára gùn ún. Ihò tí àwọn Ẹ̀gbá sá pamọ́ sí nígbà ogun ò jìnnà sókè, afẹ́fẹ́ tó lè bo ohùn kì í sì í pọ̀ níbẹ̀. Àwọn ihò tí wọ́n fi ń lọ nǹkan ṣì wà lára òkúta. Ẹ jẹ́ kí Màmá jókòó síbẹ̀, kí àwọn ọmọ fúnra wọn máa bi wọ́n ní ìbéèrè.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo dán an wò lálẹ́ àná. Màmá ń ṣa ẹ̀wà, mo fi fóònù sínú àpò wọn, mo ní kí wọ́n ki àwọn ọmọ. Mo gbọ́ "Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn" láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mo tún gbọ́ òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń jù sínú abọ́.