Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo ṣèlérí fún ọmọ kan ní hóòmù, mi ò mú un ṣẹ, Kérésìmesì tún ti ń bọ̀

Aláṣọ Oyíngbò:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀. Ó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ yìí, mo dẹ̀ fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i kí Disẹ́ńbà tó wọlé tán.

Àwa mẹ́jọ kan tí a jọ jáde níléèwé kan náà la jọ ń ṣe é. Lọ́dọọdún la máa ń dá owó jọ, a ó se ìrẹsì, a ó ra súìtì àti bísíkíìtì, a ó gba DJ, a ó wá kó ara wa lọ bá àwọn ọmọ kan ṣọdún ní hóòmù tí wọ́n ti ń tọ́jú wọn lápá Yábàá níbí. Ọmọ 34 ni wọ́n, èyí tó kéré jù ò ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ, èyí tó dàgbà jù ń lọ sí ọdún mẹ́rìndínlógún. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ò lóbìí o, àwọn kan wà tí bàbá àti ìyá wọn wà láyé níbí, àmọ́ ilé ò ṣe é gbé fún wọn mọ́, ni wọ́n fi kó wọn wá.

Lọ́dún tó kọjá, bí a ṣe ń kó kúlà padà sínú mọ́tò, ọmọkùnrin kan tó máa tó bí ọmọ ọdún mẹ́jọ di etí aṣọ mi mú, ó ní "Ántí, ìgbà wo lẹ ó tún wá?" Mi ò tiẹ̀ rò ó, mo kàn ní "A ó wá ní Àjíǹde." Àjíǹde dé, ọjà ò tà, ọmọ tèmi náà wà ní ọsibítù, mi ò lọ. Mi ò dẹ̀ pè. Ìgbà tí mo wá pe màtírọ́ọ̀nù wọn lóṣù tó kọjá pé a fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ètò tọdún yìí, màmá yẹn kọ́kọ́ dákẹ́, wọ́n wá ní láàárọ̀ ọjọ́ Àjíǹde ọmọ yẹn wẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí a fún un ní Kérésìmesì, ó jókòó sẹ́nu géètì títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò sùn lóru ọjọ́ yẹn.

Ṣé ká ṣì lọ ni àbí ká kàn kó owó ránṣẹ́? Ojú wo ni mo fẹ́ fi wo ọmọ yẹn? Ìkejì, màtírọ́ọ̀nù ní àwọn ò fẹ́ fọ́tò àti fídíò mọ́ rárá, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń fi owó ránṣẹ́ sí wa láti òkè òkun, fọ́tò ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìyá Ìbejì Agége:
Àbúrò mi, kí ló ń jẹ́ kó owó ránṣẹ́? Ṣé owó ló jókòó sẹ́nu géètì dè? Má dúró de Kérésìmesì, Sátidé tó ń bọ̀ yìí gan-an ni kó o lọ, má gbé ìrẹsì, má gbé súìtì, lọ bẹ ọmọ yẹn. Wọ́n á ní àgbà kì í bẹ ọmọdé, má dá wọn lóhùn. Tó o bá fẹ́ ẹni tó máa tẹ̀ lé ẹ, èmi rèé, láti ìgbà tí rélùwéè pupa ti ń ná Agbádò sí Oyíngbò, Agége sí Yábàá ò tó nǹkan mọ́.

Wọlé-wọ̀de:
Èmi ò fara mọ́ kó lọ bẹ̀ ẹ́ o. Ọmọ yẹn á ti gbàgbé, ẹ kàn fẹ́ lọ rán an létí ni. Ẹ gbé ẹ̀bùn tó dáa lọ, ọ̀rọ̀ á tán.

Ọmọ Hóòmù Ṣómólú:
Kò gbàgbé. Mi ò kì í sábà sọ̀rọ̀ nínú gúrúùpù yìí àmọ́ mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ sí èyí. Inú hóòmù ni mo dàgbà sí, láti ọmọ ọdún mẹ́fà títí mo fi ṣe WAEC ní ọmọ ọdún méjìdínlógún, Èkó yìí náà ni. Títí dòní mo ṣì mọ ojú bọ̀dá kan tó ní òun máa mú bọ́ọ̀lù wá.

Ántí, ẹ jẹ́ n sọ bí Kérésìmesì ṣe máa ń rí fún wa. Ọdún kan wà, gúrúùpù mẹ́rin ló wá lọ́jọ́ 25 nìkan. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la kọ orin ẹ káàbọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin la jó, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ní ká tò sórí ìlà ká na ọwọ́ gba páàkì súìtì ká dẹ̀ rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà, ìrẹsì mẹ́rin la jẹ, nígbà tó fi máa di alẹ́ àwọn kékeré ti ń bì, àwa tá a dàgbà là ń nu ilẹ̀. Tó bá wá di Jánúárì, kò sẹ́ni tó máa yà. Fẹ́búárì ńkọ́, kò sẹ́nì kankan. Inú wa máa ń dùn o, ẹ má ṣì mí gbọ́, ọmọdé ni wá, súìtì ni súìtì.

Àmọ́ nǹkan kan wà tó ń ṣe wá tí mi ò mọ orúkọ ẹ̀ nígbà yẹn. Ìgbà tí mo gbéyàwó tá a gba ilé ní Ṣómólú ni mo tó mọ̀ ọ́n. Kérésìmesì wa àkọ́kọ́ níbẹ̀, ìyàwó mi bu ìrẹsì sínú abọ́, ó gbé ẹran méjì lé e, ó da aṣọ bò ó, ó ní kí n gbé e lọ fún Alhaji yàrá iwájú. Mo gbé abọ́ yẹn lọ́wọ́, mo dúró sójú kan ní kọ́rídọ̀, omi bọ́ lójú mi. Mi ò gbé oúnjẹ ọdún fún ẹnikẹ́ni rí láyé mi. Odidi ọdún méjìlá, àwọn èèyàn ló ń gbé e wá fún mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà sílé yín, ẹ rántí bó ṣe ń rí fún yín. Kì í ṣe ìrẹsì jíjẹ nìkan. Wọ́n á dirun fún àwọn ọmọbìnrin, irun á le débi pé wọn ò ní lè fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lóru, télọ̀ á máa sọ pé ọ̀la, ọ̀la, wọ́n á ní kẹ́ ẹ wá gé ṣinṣín, ẹ ó máa jí i jẹ kó tó tutù, lọ́jọ́ ọdún gan-an wọ́n á di abọ́ lé yín lọ́wọ́ pé gbé e lọ fún Ìyá báyìí, tó o bá dé sọ pé ẹ kú ọdún o, wọ́n á fún ẹ lówó bó o ṣe ń padà. Ìyẹn gan-an la ò ní. Ántí mi, ẹ má gbé ìrẹsì sísè lọ mọ́. Ẹ gbé oúnjẹ tútù lọ, ẹ tètè lọ láàárọ̀, kí ẹ̀yin àti àwọn ọmọ jọ se é, kí wọ́n wá bù fún yín kẹ́ ẹ jókòó kẹ́ ẹ jẹ ẹ́. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ jẹ́ àlejò wọn. Kí ọmọ yẹn fọwọ́ ara ẹ̀ gbé abọ́ fún yín.

Màmá Olùtọ́jú (Mùṣin):
Ọmọ mi ti Ṣómólú, ọ̀rọ̀ ẹ wọ̀ mí lára. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣiṣẹ́ ìtọ́jú ọmọ kí n tó fẹ̀yìn tì, kò sí àlejò kan tó sọ bẹ́ẹ̀ fún wa rí.

Ẹ lè se é, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ bá màtírọ́ọ̀nù sọ ọ́. Àwọn tó ti lé lọ́dún mẹ́wàá ni kó sún mọ́ iná àti ọ̀bẹ, àwọn kékeré lè máa gé ìyẹ̀fun ṣinṣín, wọ́n lè máa to abọ́. Ẹ má da epo gbígbóná sítòsí wọn. Èèyàn bíi márùnlélógójì lẹ ó jẹ́ pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́, dérìkà mẹ́wàá sí méjìlá á tó yín. Ẹ béèrè ọmọ tí ẹ̀pà tàbí ẹyin kì í bá lára mu. Ti gbígbé abọ́ fún aládùúgbò, ẹ má rán ọmọ kankan jáde kúrò ní géètì, àwọn kan wà níbẹ̀ tí a fi pa mọ́ ni. Mẹ́gàdí wà, àwọn tó ń fọṣọ wà, àwọn olùtọ́jú tí wọn ò lè lọ bá ọmọ tiwọn ṣọdún wà. Kí wọ́n gbé e fún àwọn yẹn.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò, màtírọ́ọ̀nù yẹn jàre. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, àwọn àlejò kan ya fọ́tò lọ́jọ́ ọdún, wọ́n gbé e sórí Facebook, orúkọ hóòmù wà lára ògiri lẹ́yìn wọn. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bàbá kan tí wọ́n gba ọmọbìnrin ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ nítorí ohun tó ń fojú ọmọ náà rí, òun náà ló dé ẹnu géètì yẹn. Ọlọ́run ló bá wa ṣe é tí mẹ́gàdí ò ṣílẹ̀kùn. Oru ọjọ́ yẹn ni wọ́n gbé ọmọ náà lọ síbòmíì, iléèwé ẹ̀ dàrú, ó fi àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ sílẹ̀, kò dágbére fún ẹnì kankan. Torí fọ́tò kan ṣoṣo. Ẹ má dẹ̀ sọ pé ẹ ó fi nǹkan bo ojú wọn, aṣọ iléèwé àti ògiri náà ń júwe ilé.

Lọ́yà Ṣùrùlérè:
Mo gbè é lẹ́sẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé wà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003, ìpínlẹ̀ Èkó náà ṣe tiẹ̀ ní 2007. Ẹnikẹ́ni tí ò bá tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni, ó dẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí ara ẹ̀ bíi tèmi tìẹ.

Ará Tòrónítò:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dá gbogbo àwa tá à ń fi owó ránṣẹ́ lẹ́bi. Èmi fi owó ránṣẹ́ nígbà kan pé kí wọ́n fi gbẹ́ kànga fún ilé àwọn ọmọ kan, ìgbà tí mo wálé mo wá ilé náà títí, kò sí ilé kankan níbẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ ká máa béèrè fọ́tò, kì í ṣe ká lè fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe fáàrí. Tẹ́ ẹ bá ní ọ̀nà míì, ẹ sọ ọ́, a ó gbà.

Màmá Olùtọ́jú (Mùṣin):
O ò jẹ̀bi ọmọ mi, ó pọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n ya àpò ìrẹsì àti páálí tí wọ́n rà nígbà tó ṣì wà nínú mọ́tò, kí wọ́n fi rìsíìtì ọjà sí i, kí hóòmù kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ tó ní òǹtẹ̀. Ìwọ fúnra ẹ, pe màtírọ́ọ̀nù lórí fóònù kẹ́ ẹ jọ sọ̀rọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín páálí indomie kù. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín: ní Disẹ́ńbà oúnjẹ máa ń kún yàrá débi pé a ò ríbi gbẹ́sẹ̀ sí, tó bá fi máa di Máàṣì kòkòrò ti ń jáde nínú ẹ̀wà. Páàdì fún àwọn ọmọbìnrin ni ẹ rà, ọṣẹ ìfọṣọ, oògùn ibà, sálúbàtà iléèwé, owó ìdánwò WAEC fún èyí tó fẹ́ ṣe é. Àwọn ọmọkùnrin tó ti ń hu irùngbọ̀n, kò sẹ́ni tó ń rántí wọn, bèbí ni wọ́n ń pín fún kálukú. Ẹ mú báábà lọ kó gẹ irun fún wọn kí ọdún tó dé, ẹ ó rí bí wọ́n á ṣe máa rìn.

Alhaja Ìdí-Oró:
Ọmọ mi, èmi Iléyá ni mo fi bẹ̀rẹ̀ tèmi. Tá a bá pa àgbò, a máa ń pín ẹran sí ọ̀nà mẹ́ta, tilé, ti ẹbí àti aládùúgbò, ti àwọn tí ò ní, ìpín kẹta yẹn ni mo ń gbé lọ fún wọn. Ọdún kan mo dé ibẹ̀, ọmọbìnrin kan rọra sọ fún mi pé òun náà ń kírun àmọ́ kò sẹ́ni tó rántí ọdún òun, Kérésìmesì nìkan ni gbogbo ayé mọ̀. Torí náà béèrè o, ẹ̀sìn wọn ò ní papọ̀, ẹ má dẹ̀ gbé ìwàásù lọ. Iléyá kì í dúró lójú kan, nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá ló fi máa ń tètè dé ju ti ọdún tó kọjá lọ, wò ó nínú kàlẹ́ńdà. Ọjọ́ àwọn ọmọdé náà wà, 27 oṣù Karùn-ún.

Ìlérí tó kéré tí apá ẹ ká ni kó o ṣe. Èmi, Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù ni tèmi, mo máa ń dirun fún wọn, wákàtí méjì, mo ń lọ. Tára mi ò bá yá, màá pe fóònù kó tó di ọjọ́ náà, màá ní kí wọ́n gbé e fún àwọn ọmọ kí èmi fẹnu ara mi sọ fún wọn.

Aláṣọ Oyíngbò:
Ẹ ṣé o, gbogbo yín, Ọlọ́run á bá wa wo àwọn ọmọ wa. Mo ti lọ. Àná òde yìí, èmi àti Ìyá Ìbejì.

Nígbà tí wọ́n pè é kò kọ́kọ́ jáde. Ìgbà tó jáde ó dúró jìnnà díẹ̀ sí mi, ó ń wo ilẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí ojú wa lè dọ́gba, mo ní "Mo sọ pé màá wá, mi ò wá, mi ò dẹ̀ pè. Mi ò ṣe é dáadáa. Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀ ẹ́." Ó ní "Ṣé ẹ gbàgbé ni?" Mo ní rárá, mi ò gbàgbé, ọmọ mi ló ń ṣàìsàn, àmọ́ ó yẹ kí n pè. Ó bi mí pé ṣé ọmọ náà ti gbádùn. Ẹ̀yin èèyàn, ìyẹn ló kọ́kọ́ bi mí.

Mo wá sọ fún un pé àwọn ló máa se ìrẹsì fún wa lọ́dún yìí, àwa la máa jókòó. Ó rò ó títí, ó ní ṣé òun lè jẹ́ ẹni tó máa pín ẹran. Mo ní òun ni. Ó ti ń bi màtírọ́ọ̀nù báyìí pé ẹran mélòó ló máa kan ẹnì kan.

A ò ní lọ ní ọjọ́ 25, gúrúùpù mẹ́ta ti gba ọjọ́ yẹn. Ọjọ́ 23 fún irun dídì àti báábà, 27 fún oúnjẹ, lẹ́yìn ìyẹn Sátidé tó kẹ́yìn nínú Fẹ́búárì. Màtírọ́ọ̀nù kọ ọ́ sára ògiri yàrá ìjẹun, wọ́n kọ nọ́ńbà fóònù mi sí abẹ́ ẹ̀. Ohun tó kù báyìí ni ìkòkò ńlá, tiwọn ti jò.

Ìyá Ìbejì Agége:
Ìkòkò wà lọ́dọ̀ mi, tòun ti ìdérí. Wá ẹni tó máa bá mi gbé e.

Ọmọ Hóòmù Ṣómólú:
Ẹ fi àdírẹ́sì ilé yín ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀, Ìyá Ìbejì. Èmi ni màá wá gbé e.