Bọ̀dá mi ti fi ọ̀rá bo ìwé ọmọ Amẹ́ríkà mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn o

Ọmọ Alfa Òkè-Àpómù: Àsàlámù àlékúmù, ẹ̀yin ará Kwara. Inú ń bí mi débi pé oorun ò kùn mí lánàá. Bọ̀dá mi àgbà yọ sátífíkéètì tí wọ́n fún mi lọ́jọ́ tí mo búra di ọmọ Amẹ́ríkà nínú báàgì mi, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì ní Post Office, wọ́n sì bá a làmínéètì rẹ̀. Kò bi mí o. Ó ní kí eku má baà jẹ ẹ́, pé bẹ́ẹ̀ lòun ṣe WAEC tòun, kò sì sí ohun tó ṣe é títí dòní.

Iná ẹ̀rọ ti gbé etí fọ́tò mi sókè, afẹ́fẹ́ há sábẹ́ ọ̀rá níbẹ̀. Òǹtẹ̀ ìjọba tó máa ń le lábẹ́ ìka téèyàn bá fọwọ́ pa á ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ sì wo gbogbo owó tí mo ná síbi fídáù bàbá wa: màlúù, owó ọkọ̀ àwọn alfa, páànù ilé tí òjò ń wọ̀. Èmi nìkan ni mo dá a. Ìyàwó bọ̀dá tún wá ń sọ fáwọn èèyàn pé torí bébà kan ni mo ṣe ń pariwo mọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ dákun, ṣé ìwé náà ti bàjẹ́ ni? Ṣé kí n bó ọ̀rá yẹn kúrò?

Alhaja Gàà-Àkànbí: Ẹ kú àfẹ́kù bàbá. Ọlọ́run á fi Àlùjánńà kẹ́ wọn. Má bó o rárá! Ọmọ àbúrò mi fi bíléèdì bó ti ìwé ìbí rẹ̀, orúkọ bá ọ̀rá lọ, bébà funfun ló kù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ Ọ̀fà: Kí ló gbé ìwé náà dé Ilorin? Ilé là ń fi í sí, nínú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́. Pásípọ́ọ̀tù là ń gbé rìn. Pásípọ́ọ̀tù rẹ ńkọ́?

Ọmọ Alfa Òkè-Àpómù: Ẹ̀gbọ́n, mi ò wá síbí kí ẹ wá bá mi wí. Ẹni tó ba ìwé mi jẹ́ ni kí ẹ bá wí.

Bàbá Ẹ̀rìn-Ilé: Èmi ò tiẹ̀ mọ ohun tí ẹ ń sunkún sí. Ẹni tó bá ti búra fún ìlú míì ti kọ Nàìjíríà sílẹ̀ nìyẹn. Àwọn ọmọ tèmi náà nìyẹn ní Lọ́ńdọ̀nù, wọn ò wá kí mi láti ìgbà tí wọ́n ti gba ìwé, gbogbo ọ̀rọ̀ wọn kò ju orí fóònù lọ.

Tísà Òmù-Àrán: Bàbá, ẹ má bínú, kò rí bẹ́ẹ̀. Abala 28 nínú ìwé òfin 1999 kò gba ìjẹ́-ọmọ-Nàìjíríà lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bí ní ọmọ Nàìjíríà torí pé ó gba ti ibòmíràn.

Bàbá Ẹ̀rìn-Ilé: Ìwé lo ka. Èmi ń sọ ti ọkàn wọn.

Ìyá Ìbejì Tanke: Ọmọ rẹ tó wà lọ́dọ̀ màmá yín ńkọ́? Mo gbọ́ pé tí ìyá bá ti búra, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 ti di ọmọ Amẹ́ríkà láìsí wàhálà.

Nọ́ọ̀sì Ọmọ Òró: Rárá o, àǹtí. Ọmọ tó bá ń gbé ní Amẹ́ríkà lọ́dọ̀ òbí náà, tó sì ní gíríìnkáàdì, ni òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2001 ń sọ. Èyí tó wà ní Ilorin, I-130, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè pé kí ìbátan ẹni wá máa gbé lọ́hùn-ún, ni ìyá rẹ̀ máa kọ fún un.

Ọmọ Ọ̀fà: Ìbéèrè mi ṣì wà nílẹ̀. Pásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà rẹ dà?

Ọmọ Alfa Òkè-Àpómù: Mi ò tíì gbà á. Ó dára, mo ti sọ ọ́. Kò pẹ́ tí mo búra ni wọ́n pè mí pé bàbá ti kú. Mùsùlùmí ni wá, a kì í gbé òkú pamọ́, ìsìnkú gan-an ò tiẹ̀ dúró dè mí. Ṣé kí n jókòó máa dúró de pásípọ́ọ̀tù ni? Pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà mi ni mo fi wálé. Ìdí tí mo fi gbé sátífíkéètì dání nìyẹn, pé òun ni màá fi hàn wọ́n tí mo bá ń padà.

Ìyá Ìbejì Tanke: Ha!

Ọmọ Ọ̀fà: Gíríìnkáàdì ńkọ́?

Ọmọ Alfa Òkè-Àpómù: Wọ́n gbà á lọ́jọ́ ìbúra. Ṣùgbọ́n fọ́tò rẹ̀ wà nínú fóònù mi, tojú tẹ̀yìn. Ṣé wọn ò ní jẹ́ kí n fi wọkọ̀ ni?

Nọ́ọ̀sì Ọmọ Òró: Àbúrò, dúró ná. Tí a bá ti búra, a kì í ṣe oní-gíríìnkáàdì mọ́, má fi fọ́tò yẹn han ẹnikẹ́ni ní pápákọ̀ òfuurufú. Sátífíkéètì nìkan kì í gbé èèyàn wọ bàálù. Òfin wọn sọ pé pásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà ni ọmọ Amẹ́ríkà fi ń wọlé. Má sì lọ béèrè físà, wọn kì í fún ọmọ ìlú wọn ní físà.

Ohun tí wàá ṣe nìyí. Gba àyè lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ ọ́fíìsì ìjọba Amẹ́ríkà, yálà ní Victoria Island l'Ékòó tàbí ní Àbújá. Fọ́ọ̀mù DS-11 tí wọ́n fi ń béèrè pásípọ́ọ̀tù ni wàá kọ. Má fọwọ́ sí i nílé, iwájú òṣìṣẹ́ wọn ni wàá ti fọwọ́ sí i. Gbé sátífíkéètì náà lọ bó ṣe wà, tòun tọ̀rá, sọ òtítọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Gbé pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà dání, kí wọ́n fi mọ̀ pé ìwọ ni. Sọ ọjọ́ tí o fẹ́ rìn fún wọn, torí wọ́n ní pásípọ́ọ̀tù pàjáwìrì, tí kì í ṣeé lò pẹ́. Tí o bá padà dé, fọ́ọ̀mù N-565 ni wọ́n fi ń béèrè sátífíkéètì tuntun nípò èyí tó bàjẹ́. Ó máa ń pẹ́ gan-an, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o má tún fi bíléèdì dá kún un. Ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀ pẹ̀lú.

Tísà Òmù-Àrán: Ẹ ṣọ́ra níbi fọ́tòkọ́pì o. Wọ́n kọ ọ́ sára ìwé yẹn pé ìjìyà wà fún ẹni tó bá dà á kọ.

Nọ́ọ̀sì Ọmọ Òró: Tísà, àwọn tó fẹ́ fi ṣe jìbìtì ni wọ́n ń bá wí. Àwọn oní-pásípọ́ọ̀tù fúnra wọn ló ń béèrè ẹ̀dà rẹ̀ pẹ̀lú DS-11. Ẹni tí kò ní ẹ̀dà, tí ìwé bá sọnù, níbo ló ti fẹ́ rí nọ́ńbà rẹ̀?

Alhaja Gàà-Àkànbí: Mo ṣì ń sọ ọ́ pé kí o má bó o. Kí o sì lọ bá bọ̀dá rẹ sọ̀rọ̀. Bí kò bá làmínéètì rẹ̀, ojú pápákọ̀ lo máa ti mọ̀ pé o ò lè wọkọ̀.

Ọmọ Alfa Òkè-Àpómù: Alhaja, ọ̀tọ̀ ni ìyẹn, kò yẹ kó fọwọ́ kan báàgì mi. Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run á ṣọ́ yín. Mo ti wọlé sórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn, Èkó ni mo mú. Ẹ jọ̀wọ́, ta ló mọ ibi téèyàn lè sùn tí kò jìnnà sí Victoria Island, tí owó rẹ̀ kò gani lára?